Ìròyìn àti Àfojúbà ní Orí Òkè Patti

Àwọn bàbá wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni àwa olùkọ́ máa ń gbé dìde nígbàkigbà tí a bá ń bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ jáde kúrò láàárín ògiri mẹ́rin. A ó ní ọmọ tí a sọ fún pé odò méjì pàdé kò lè mọ̀ ọ́n tó ọmọ tí ó dúró, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n. A ó ní pátákó àti ṣọ́ọ̀kì kò lè fi bí omi ti ń ṣàn hàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé mi léèrè ohun kan tí òwe náà kò mẹ́nu bà: bí ìròyìn bá bá àfojúbà rìn pọ̀ ńkọ́? Bí ọmọ bá dúró sí ibi tí ojú rẹ̀ ti ń rí òtítọ́, tí a sì ń rọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ sí i létí ní wákàtí kan náà, èwo nínú méjèèjì ni yóò gbé lọ sílé?

N kò mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti fara hàn gbangba bí orí Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ti kọ ọ́, òkè náà ga tó nǹkan bí mítà 458 láti ìtẹ́jú òkun. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà ọkọ̀ sì ti dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní etí rẹ̀ yóò rí Odò Ọya tí ó ń ti àríwá bọ̀, yóò rí Bẹ́núè tí ó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, yóò sì rí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kí wọ́n tó dorí kọ gúúsù lọ sí òkun. Ilé ìsinmi kan wà lórí òkè náà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ilé Lugard. Orúkọ òkè yìí pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ. Òkè ni wọ́n ń pè ní pati nínú èdè Núpé; ẹni tí ó bá mọ ìlú Pàtígí ní Ìpínlẹ̀ Kwara, òkè kékeré ni orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tí a bá wí pé Òkè Patti, "Òkè Òkè" ni a ń wí, ẹni tí ó sì kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sàn jù wá lọ.

Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ mi dá lé ni àwọn tí ó wà ní kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ọmọ nǹkan bí ọdún 11 sí 14. Láti ọdún 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ya ọdún mẹ́ta yìí sọ́tọ̀, tí a sì wí pé kí ọmọ fi wọ́n wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ àti orí rẹ̀ lè ṣe. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ àgbépọ̀n mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tí ì di àgbà. Ọjọ́ orí yìí gan-an ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Ìbéèrè yìí a máa bí àwọn òbí nínú, nítorí ó jọ àfojúdi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá bèèrè rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta yìí, ó ṣòro kí ó tó tún bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá dé orí òkè tán, tí èémí wọn sì ti balẹ̀, ìtàn kan wà tí kì í tàsé wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń fi ibẹ̀ han àlejò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ìtàn náà ni pé Flora Shaw, aya Lugard, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ní ọjọ́ kan, ó wo ibi tí odò méjì ti pàdé, ẹwà wọn wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì wí pé Nàìjíríà ni kí a máa pe ilẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ á wo ilé náà, wọ́n á wo odò, wọ́n á sì mi orí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún wé ọdún. Oníròyìn ni Flora Shaw, òun ni ó sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé-ìròyìn The Times tí a ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé-ìròyìn náà, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, ni àròkọ tí ó dábàá orúkọ Nàìjíríà ti jáde. Àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ kọ́ńpìnnì oníṣòwò tí à ń pè ní Royal Niger Company ni ó dábàá rẹ̀ fún, nítorí pé orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀ gùn jù. Ní ọdún yẹn, Flora Shaw kò tí ì di aya Lugard. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní erékùṣù Madeira. Lugard pàápàá kò tí ì di aláṣẹ ní Lọ́kọ́ja, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n sọ àsíá kọ́ńpìnnì náà kalẹ̀ ní ìlú yìí, tí wọ́n sì ta ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá di aláṣẹ Àríwá. Ilé wo ni aya tí a kò tí ì fẹ́ fi ẹ̀yìn tì nígbà náà? Kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gun òkè kan kí ó tó rí orúkọ náà, nítorí láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn Òyìnbó ti ń kọ Niger sínú àwòrán ilẹ̀ wọn. Inú ọ́fíìsì ni orúkọ wa ti wá. Kò dùn tó ti orí òkè, mo gbà.

Kí ni ó wá dé tí ìtàn orí òkè yìí kò fi kú? Ní tèmi, òkè náà ni ó ń gbé e ró. Ọmọ tí ó gbọ́ ìtàn yìí nínú kíláàsì lè gbàgbé rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ ọ lórí òkè rí odò, odò náà sì jẹ́ òótọ́. Ó rí ilé, ilé náà sì jẹ́ òótọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára, ẹsẹ̀ ń ro ó, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àárín òótọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún wọ̀nyí ni irọ́ kan jókòó sí bí àlejò tí ó bá ẹbí ìyàwó wọlé, ta ni yóò dá a mọ̀? Bí ọmọ náà bá di àgbà, yóò máa wí pé, "Mo dé ibẹ̀, mo fi ojú ara mi rí ibi tí obìnrin náà dúró sí." Kò sì rí i. Etí ni ó fi gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bá etí jẹ́rìí èké láìmọ̀.

Èyí ni ewu tí ó wà nínú gbígbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú kíláàsì, tí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ kì í sọ. A máa ń rò pé ìwé nìkan ni ó lè tan ọmọ jẹ, pé ayé fúnra rẹ̀ kò lè tàn án. Lóòótọ́, ayé kì í purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kó ọmọ lọ tí kì í ṣe pé ènìyàn ni ó dúró níbẹ̀ láti túmọ̀ ayé fún un.

Ẹnì kan lè wí pé, kí ni irọ́ kékeré yìí bà jẹ́? Ṣé àwa Yorùbá kì í pa ìtàn fún ọmọdé ni? Ìjàpá kò lọ sí ọ̀run, síbẹ̀ a ní ó lọ. Ìdáhùn mi ni pé àlọ́ kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kí apàlọ́ tó ya ẹnu, ó ti kígbe pé "Àlọ́ o!", àwọn ọmọ sì ti dáhùn pé "Àlọ̀!" Ìpè àti ìdáhùn yẹn dà bí àdéhùn tí a jọ tọwọ́ bọ̀: gbogbo wa mọ̀ pé a ti kúrò ní ìlú òtítọ́ lọ sí ìlú mìíràn, a sì mọ ọ̀nà tí a ó gbà padà. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ pa ìtàn ìlú tàbí ti ìdílé, wọn kì í kígbe àlọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè lè ti ara rẹ̀ dìde. Àwọn bàbá wa tí kò mọ ìwé ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Ó yẹ kí ojú ti àwa tí a kàwé bí a bá tún pò wọ́n pọ̀. Bí ẹni tí ń fi òkè han àwọn ọmọ bá kọ́kọ́ kígbe "Àlọ́ o!", n kò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò.

Ohun mìíràn sì wà nínú ìtàn náà tí ó dùn mí ju ti ọdún lọ. Ó ń kọ́ ọmọ pé ilẹ̀ yìí dúró láìlórúkọ títí àjèjì kan fi wò ó láti òkè. Bẹ́ẹ̀ àwọn Núpé ti sọ òkè náà lórúkọ. Àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwa yìí, ti ń gbé agbègbè náà. Àwọn Ígálà wà ní òdìkejì odò. Odò Ọya sì ti ń jẹ́ Ọya kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ Shaw. Ní ti orúkọ Lọ́kọ́ja, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀: àwọn kan ní ara igi ìrókò ni a ti rí i, àwọn mìíràn ní láti inú èdè Haúsá. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní ìlú náà, n kò ní í dá ẹjọ́ yìí fún àwọn ọmọ. N ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà lẹ́nu odò àti ní ọjà, kí wọ́n bèèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí olúkúlùkù wí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní ju ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi ya fọ́tò lórí òkè.

Àwọn ìtàn òtítọ́ tí òkè náà lè sọ kò kéré. Ní ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John fi ọkọ̀ ojú omi kọjá ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ lọ sí òkun. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán gba ẹnu òkun wọ Odò Ọya títí dé agbègbè yìí, wọ́n sì dá oko àwòṣe sílẹ̀ nítòsí ibi tí odò méjì ti pàdé. Ibà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Òyìnbó tí ó wà nínú wọn, oko náà sì túká. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ tí à ń pè ní Pleiad tún wá lábẹ́ Baikie, ó lọ jìnnà sí i lórí Bẹ́núè, ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Kí ni ó yàtọ̀? Ẹ bi àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n méfò, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sọ pé omi ni tàbí oúnjẹ ni, kí ẹ tó sọ fún wọn pé ní 1854, wọn kò dúró de ibà kí wọ́n tó máa lo kíníìnì. Ọmọ tí ó gbọ́ èyí ní ibi tí ó ti ń wo odò tí àwọn ọkọ̀ náà gbà kò ní í gbàgbé ìdí tí a fi ń lo oògùn kí àrùn tó dé.

Ẹnì kan sì wà nínú ìrìn-àjò méjèèjì tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀ ju Flora Shaw lọ. Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 tí ogun kó o, irú ọjọ́ orí tí wọ́n wà yìí ni òun náà wà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì mú un dé Freetown ní ọdún 1822. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ogún ọdún lẹ́yìn tí ogun kó o, ó wà nínú ọkọ̀ tí ó gun Odò Ọya. Ní ọdún 1843, a tẹ ìwé rẹ̀ tí ó kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jọ. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí wọ́n so mọ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń ka ìdásílẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1865, wà nínú ìlú Lọ́kọ́ja, nísàlẹ̀ òkè. N kò ní kí a kọrin ìyìn nìkan lé e lórí, nítorí àwọn tí ó bá wá ni àwọn tí ó padà gba ilẹ̀. Èyí náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún 13 lè rò, bí a bá bọ̀wọ̀ fún un tó láti gbé e síwájú rẹ̀.

Láti orí òkè kan náà ni wọ́n ti lè kọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé tiwọn. Omíyalé ọdún 2012 bo apá púpọ̀ nínú Lọ́kọ́ja, ti ọdún 2022 sì tún dé. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà lára èyí tí omi wọ̀ mọ ìyà rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n. Òkè ni yóò ti rí bí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ tó, bí odò méjì ti gbé òjò ilẹ̀ púpọ̀ wá da síbì kan, àti bí omi tí a bá tú sílẹ̀ ní ìdídò Lagdo ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ti lè bá Bẹ́núè wá kan ilẹ̀kùn wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa àgbà yóò jẹ́ ìṣòro fún àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́. Ẹni tí ń fi òkè hàn lè jẹ́ bàbá arúgbó, ìtàn náà sì wà lára ohun tí ó fi ń jẹun. Ṣé olùkọ́ tí kò tí ì pé ọdún 25 ni yóò já a ní koro lójú àwọn ọmọ? Rárá o. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ó burú ju àṣìṣe ọdún lọ. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ náà kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ọ̀nà àárín wà, ọ̀nà ilé wa sì ni: ìbéèrè. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọdún wo ni ìyá náà wá síbí?" Bí bàbá bá mọ̀ ọ́n, yóò sọ, bí kò bá mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wí pé bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe gbọ́ ọ. "Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gbọ́ ọ" jẹ́ gbólóhùn olóòótọ́, ó sì ti tó láti gbé ìtàn náà kúrò ní àyè àfojúbà padà sí àyè ìròyìn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Yóò sàn kí ọmọ kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó béèrè, bí olùkọ́ bá ti kọ́ ọ bí a ti ń bi àgbà léèrè.

Kí olùkọ́ tó lè ṣe èyí, òun gan-an gbọ́dọ̀ mọ ìtàn. Ibẹ̀ ni ìjọba ti dá wa lóró fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni a ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì wọ̀nyí, ó sì pẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀. Láàárín àkókò náà, a ṣì ń kó ọmọ lọ wo ilé Lugard! Ọmọ tí kò sí Ìtàn ní kíláàsì rẹ̀, kí ni yóò fi wọn ohun tí a bá sọ fún un lórí òkè?

Ọ̀rọ̀ owó kù, mo sì mọ̀ pé àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí a bá ń tọrọ owó lọ́wọ́ òbí, a ó wí pé ẹ̀kọ́ ni ìrìn-àjò yìí, pé kì í ṣe eré. Nígbà tí òbí kan kò bá rí owó san, a ó ní kò burú, ìgbádùn lásán ni, kí ọmọ náà dúró sí kíláàsì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́, a kò ní ẹ̀tọ́ láti fi í du ọmọ tálákà. Bí ó bá jẹ́ ìgbádùn, kí a má ṣe gbé e wọ ìdánwò. Nígbà tí Táí Ṣólàárìn àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ, olówó àti tálákà. Ènìyàn lè má fara mọ́ gbogbo èrò Ṣólàárìn, n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí a bá pè ní ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo kíláàsì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò tó Lọ́kọ́ja mú àwọn ọmọ rẹ̀ gun òkè tí ó wà ní ìlú tirẹ̀. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti wo ọ̀kẹ́rẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dáadáa?

Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n fẹ́ lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò kò ju pé kí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan kí ó tó gun òkè. Ní apá kan ojú-ìwé, kí ọmọ náà kọ ohun tí òun fi ojú ara òun rí. Ní apá kejì, ohun tí a sọ fún òun, àti ẹnu ẹni tí òun ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ kan yóò ṣì kọ Flora Shaw sí apá kìíní. Kí olùkọ́ má fi yẹ́ńkì pupa fa ilà sí i. Kí ó pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì bi í pé, "Irú aṣọ wo ni obìnrin náà wọ̀?"